Ìtàn BBC HD: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ló sì pa ìkànnì náà?

Kẹ́hìndé_Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi ní yunifásítì. Wọ́n ní kí kálukú mú ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan tó ti kógbá sílé, kó sì kọ ìtàn rẹ̀. BBC HD ni mo mú, ìkànnì BBC tó ń gbé àwòrán HD jáde (high definition, àwòrán tó mọ́ kedere ju ti àtijọ́ lọ). Bí mo ṣe ń wádìí ni ọ̀rọ̀ túbọ̀ ń dojú rú. Ibì kan ní 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ibòmíràn ní 2007 ni. Àwọn kan ní ó kú ní 2013, àwọn mìíràn ní kò kú, orúkọ ló pààrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Ìlú Ọba nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n gbájú mọ́, kí ni kí n fò?

Olóòtú_Àgbà
Kẹ́hìndé, o kú iṣẹ́. Má jẹ́ kí ọdún méjèèjì yẹn dààmú rẹ, kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn.

Oṣù Karùn-ún 2006 ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà ṣe é: sátẹ́láìtì, kébù, àti áńtẹ́nà orí òrùlé. Ti áńtẹ́nà yẹn kò kúrò ní London, nǹkan bí ilé 450 péré ni wọ́n gbé àpótí fún. Wọn ò ṣèèṣì mú àkókò yẹn. Oṣù Kẹfà ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé máa bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, kò sì sí ohun tó ń mú èèyàn ra tẹlifíṣọ̀n tuntun bíi bọ́ọ̀lù. Sky, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì tí èèyàn ń sanwó fún, náà gbé HD tirẹ̀ jáde lóṣù Karùn-ún yẹn kan náà, ITV, ìkànnì oníṣòwò, sì ṣe ìdánwò tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n BBC kò lè jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé ìdánwò ti di ìkànnì. Owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n tí ará ìlú ń san ni wọ́n ń ná. BBC Trust, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ wọn nígbà yẹn, ní láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún aráàlú tó owó tí wọ́n fẹ́ ná. Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò, ní tirẹ̀ ní láti wò ó bóyá kò ní pa àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lára. Oṣù Kọkànlá 2007 ni Trust fọwọ́ sí i, nígbà tó sì di ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ó di ìkànnì tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nítorí náà kọ ọ́ báyìí: ìdánwò, 2006, ìkànnì, 2007. Kí o sì lo àárín méjèèjì dáadáa, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ìyàtọ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ ìjọba-gbogbo-wa àti ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Oníṣòwò ì bá ti gbé e jáde láìbi ẹnikẹ́ni.

Àǹtí_Ṣadé
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti òfin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú, èmi tí mo ń wò ó nílé.

Ìkànnì yẹn kì í ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ o. Nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́ ni àṣẹ tí wọ́n fún un. Bí o bá tan án lọ́sàn-án, àfihàn àwọn ètò tó ń bọ̀ ni yóò máa yí po lójú rẹ. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé káàdì ìdánwò jáde, èyí tí àwòrán Carole Hersee wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tó jókòó ti pátákó dúdú, tí bèbí aláwàdà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti 1967 ni àwòrán yẹn ti wà, ìgbà tí BBC2 bẹ̀rẹ̀ àwọ̀. Wọ́n tún un ṣe fún HD, wọ́n sì fi àmì kan sí i tí èèyàn fi lè mọ̀ bóyá ohùn àti àwòrán ń rìn pọ̀. Ìyẹn wúlò gan-an, nítorí nígbà náà ohùn lè dé etí rẹ kí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó là lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kò sì ní ètò tirẹ̀. Àkójọ ni: ó ń mú láti BBC One, ó ń mú láti Two, Three àti Four, títí kan ti àwọn ọmọdé. Ohun tí wọ́n bá ti yà ní HD ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Planet Earth wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síbẹ̀ nígbà ìdánwò. Ó sì ní ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Torchwood, eré tí wọ́n bí láti inú eré Doctor Who, HD ni wọ́n fi ya òun láti 2006, ṣùgbọ́n Doctor Who fúnra rẹ̀ kò bọ́ sí HD títí di Àjíǹde 2009. Ọmọ ti wọ aṣọ tuntun, bàbá ṣì wà nínú àkísà.

Ìlà405
Kẹ́hìndé, bí mo bá jẹ́ ìwọ, 1936 ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, 1936, BBC ṣí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Alexandra Palace ní àríwá London. Orúkọ tí wọ́n pè é nígbà náà gan-an ni tẹlifíṣọ̀n high definition. Ẹ̀rọ méjì ló ń figa gbága: ti Baird tó ní ìlà 240, àti ti Marconi-EMI tó ní 405. (Ìlà tí wọ́n fi ń ya àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n ni; bó bá ṣe pọ̀ sí ni àwòrán ń mọ́ sí.) Wọ́n ń lò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá lọ, ti èkejì á bọ̀ sí i. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbá ti Baird sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní 1937. Ìlà 405 yẹn ni Ìlú Ọba wá ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1985 ni wọ́n tó pa á.

Ibi tó kàn ọ́ gan-an ni 1964. Ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin ni BBC2 yẹ kó ṣí, lórí ìlà 625. Alẹ́ ọjọ́ náà ni iná ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Battersea, ìdá tó pọ̀ nínú ìwọ̀-oòrùn London ṣókùnkùn, tí ètò ìṣíde sì fọ́ yángá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ètò ọmọdé Play School ló sì kọ́kọ́ lọ sórí afẹ́fẹ́. Àmọ́ kì í ṣe iná ni mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé ẹ̀rọ ìlà 405 kò lè gba BBC2 rárá. Ìkànnì ti dé, ó wà lórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, kò kàn án. Nígbà tí àwọ̀ dé ní 1967, bákan náà ló rí, ìjọba tún fi £5 lé owó láísẹ́ǹsì ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní 1968. Ti aláwọ̀ dúdú-òun-funfun jẹ́ £5, ti aláwọ̀ di £10.

Nígbà tí HD dé, wọn ò fi kọ́bọ̀ lé láísẹ́ǹsì nítorí rẹ̀. Ẹni tó ní HD àti ẹni tí kò ní, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ṣé o rí i pé ìbéèrè ti yí padà? Ẹni tí kò ní àpótí HD ń san owó fún ohun tí kò rí wò. Bí mo bá ń kọ iṣẹ́ yìí, ohun tí mo máa lépa nìyẹn: ta ló lè rí ìkànnì yìí wò ní ọdún wo, nípasẹ̀ àpótí wo.

Bàbá_Onídíìṣì
Ìlà405, o ṣeun, ọ̀rọ̀ tèmi lo já mi gbà yẹn. Iṣẹ́ díìṣì ni mo fi jẹun ní gúúsù London láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n ó sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní 2006 sí 2007, ẹni tó bá fẹ́ wo BBC HD láti orí sátẹ́láìtì, àpótí Sky HD ló sábà máa ń rà, £10 lóṣooṣù ni Sky sì ń gbà fún HD. BBC fúnra rẹ̀ kò ti ìkànnì náà pa, ọ̀fẹ́ ló wà lórí sátẹ́láìtì Astra ní 28.2 ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n àpótí tí yóò tú u kò pọ̀ lọ́jà. Freesat, tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́, ló yí ọjà padà, ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, 2008. BBC àti ITV ló jọ dá a sílẹ̀. O ra àpótí lẹ́ẹ̀kan, ó parí, kò sí owó oṣù. Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù mi ò ti sinmi.

Àwọn tí kò fẹ́ díìṣì lára ògiri wọn dúró pẹ́ jù wọ́n lọ. Ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, 2009 ni HD ti Freeview, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tí áńtẹ́nà ń gbà, kọ́kọ́ jáde, láti òpó Winter Hill tó ń sin Manchester àti Liverpool, àti láti Crystal Palace fún London. DVB-T2, ọ̀nà tuntun láti fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sí áńtẹ́nà, ni wọ́n lò, Ìlú Ọba ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráàlú lágbàáyé. Ó dára, ó ń gba ẹrù púpọ̀ nínú àyè kékeré. Ṣùgbọ́n àpótí Freeview tí gbogbo ayé ti rà tẹ́lẹ̀, tí ìjọba ti ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n rà nítorí pípa tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, kò gbọ́ èdè DVB-T2. Kí wọ́n tún lọ ra òmíràn ni. Ẹ bá mi ro bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ilé tí mo wọ̀ tí mo bá àpótí HD tí wọ́n fi wáyà SCART so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kò lóǹkà. SCART ò lè gbé HD, HDMI ló ń gbé e. Wọ́n ti náwó, wọ́n ń wo BBC HD lóòótọ́, àmọ́ àwòrán àtijọ́ ni wọ́n ń rí, wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé ó mọ́. Bí mo bá pààrọ̀ wáyà tán, ojú wọn á là. Tún wo àmì "HD Ready" tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà: kò túmọ̀ sí pé ohun tó ń gba HD láti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ta irú rẹ̀ fún àbúrò mi, wọ́n ní kó ṣáà lọ tan án, BBC HD á jáde. Ó tan án títí, kò rí nǹkan kan.

Kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí síbẹ̀, Kẹ́hìndé. Àwọn tó kọ ìtàn láti ọ́fíìsì kì í kọ wọ́n.

Kẹ́hìndé_Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mò ń kọ gbogbo rẹ̀. Mo tún ka ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ ní 2009 nípa bí àwòrán ṣe burú sí i. Ṣé ó tó ohun tí à ń ya ojú ìwé sọ́tọ̀ fún?

Ìlà405
Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Oṣù Kẹjọ 2009 ni BBC pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún àwòrán pọ̀ kó tó lọ sókè. Mẹ́gábíìtì 16 (ìwọ̀n ẹrù àwòrán tí wọ́n ń rán) ni ìkànnì yẹn ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tẹ́lẹ̀, wọ́n gé e sí 9.7. BBC ní ẹ̀rọ tuntun gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ, pé ó lè fi díẹ̀ ṣe púpọ̀. Àwọn olùwòran ní irọ́ ni. Wọ́n kọ̀wé títí, wọ́n ń ya àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n wọn láti fi hàn pé koríko pápá ti di ọbẹ̀ ewédú. Danielle Nagler tó ń darí ẹ̀ka HD ló ń jáde wá dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ Trust.

Fi kún un pé BBC HD kò fi 1920 kún ojú tẹlifíṣọ̀n ní ìbú nígbà náà. Píksẹ́lì, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, 1440 ní ìbú, 1080 ní òró ni wọ́n ń rán, tẹlifíṣọ̀n rẹ ló ń fà á gbòòrò.

Àǹtí_Ṣadé
Ọbẹ̀ ewédú kẹ̀! Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ti fẹ́ràn àsọdùn jù. Èmi ń wo tẹlifíṣọ̀n kan náà lọ́jọ́ kan náà, mi ò rí ohun tó yí padà. Èèyàn mélòó ló ń jókòó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi tí yóò máa ka ewé koríko?

Ìlà405
Àǹtí mi, ẹ forí jì mí, ó wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ ń wò. Bí wọ́n bá ń ka ìròyìn, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, 9.7 tó o. Ẹ jẹ́ kí òjò máa rọ̀, kí omi máa ru, kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sá lẹ́ẹ̀kan náà: ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń tàsé, ibẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn ìgun-mẹ́rin kéékèèké. Ìdí kan náà ni BBC kò fi ka Super 16, irú fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń ya eré, sí HD. Àwọn eérún tó máa ń hó lójú fíìmù yẹn ń gba gbogbo àyè lọ́wọ́ àwòrán. Ó dun àwọn tó ń ṣe eré gan-an, nítorí fíìmù yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ́ lọ́wọ́.

Olóòtú_Àgbà
Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀, kí a sọ ohun tó pa á.

Kẹ́hìndé, ikú BBC HD bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, 2010. Ọjọ́ yẹn ni BBC One HD jáde. Ìyẹn ń gbé ohun tó wà lórí BBC One gẹ́lẹ́ ní àkókò kan náà. Ohun tí wọn ò bá yà ní HD, wọ́n á fà á gùn, wọ́n á sì gbé e síbẹ̀. Ní Kérésìmesì ọdún yẹn kan náà ni eré EastEnders bọ́ sí HD. Ta ló tún fẹ́ máa wá eré sórí ìkànnì àkójọ, nígbà tó lè jókòó sórí ìkànnì tó ti mọ́ ọn lára? BBC HD wá ku bọ́ọ̀lù, eré àwọn ìkànnì kékeré, àti ohun tí BBC Two ní.

Bí o bá ń sọ ti BBC One HD, má gbàgbé àléébù rẹ̀. Ẹyọ kan ló wà fún gbogbo Ìlú Ọba ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí àkókò ìròyìn agbègbè bá ti tó, pátákó pupa kan ló máa yọ, tí yóò ní kó o lọ sórí BBC One lásán. Àríwá Ireland rí tirẹ̀ gbà ní 2012, Scotland àti Wales ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013. Àwọn ẹkùn England ṣì dúró fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2011, ìjọba ti so owó láísẹ́ǹsì mọ́ £145.50, kò gbọdọ̀ gòkè, BBC sì ní láti fi owó pamọ́. Mark Thompson, ọ̀gá àgbà, kéde ètò ìdínkù tí wọ́n pè ní Delivering Quality First. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé BBC HD máa kógbá sílé, kí BBC Two HD gba ipò rẹ̀. Ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, 2013 ni ó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó ní orúkọ ló yí padà, àyè tí ìkànnì náà ń lò ló rí. Àyè kan náà ni BBC Two HD bọ́ sí. Ṣùgbọ́n àkójọ ètò yẹn lọ pátápátá. Ìyẹn ni pé eré HD tó wà lórí BBC Three àti Four kò rí ilé gbé fún oṣù mélòó kan, títí di ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, 2013 tí HD tiwọn dé, pẹ̀lú CBBC, CBeebies àti ìkànnì ìròyìn. Mi ò rí ẹni tó ń mẹ́nu kan àlàfo yẹn rí, àmọ́ ó bí àwọn olólùfẹ́ BBC Four nínú.

Bàbá_Onídíìṣì
Àti 3D ńkọ́, àwòrán tó ń yọ síta bí ẹni pé o lè fọwọ́ kàn án, tí èèyàn ń fi awò ojú wò? Orí BBC HD náà ni wọ́n ti dán an wò. Àṣekágbá Wimbledon 2011, lẹ́yìn náà Òlíḿpíìkì London 2012, títí kan ayẹyẹ ìṣíde. Mo so tẹlifíṣọ̀n 3D mọ́ ògiri fún àwọn oníbàárà kan nítorí rẹ̀. Ní 2013 BBC ní òun ti ṣe tó. Awò ojú yẹn wà nínú àpótí báyìí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè wọn.

Kẹ́hìndé_Akẹ́kọ̀ọ́
Ọlọ́run á san yín lóore. Ìbéèrè tó kù nìyí: níbo ni mo ti lè rí ẹ̀rí, kí olùkọ́ mi má baà ní mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà?

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Wá ìwé tí BBC Trust tẹ̀ jáde lórí ìkànnì yìí ní 2007, àti ìwádìí Ofcom tó bá a rìn. Trust ti kógbá sílé ní 2017, ṣùgbọ́n àwọn ìwé wọn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ohun tí wọ́n gbé sórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, lo BBC Programme Index. Òun ni wọ́n ń pè ní Genome tẹ́lẹ̀, àkójọ inú ìwé ìròyìn Radio Times sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 1923. Fún àwọn nǹkan 1936 tí Ìlà405 sọ, ibi ìkówèésí BBC ní Caversham ni.

Bí ẹnikẹ́ni níbí bá ní àpótí Freesat àtijọ́ tó ṣì ní ohun tó gbà sílẹ̀ láti ìgbà yẹn, ẹ má pa á rẹ́ o. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, ṣọ́ra tí o bá ń lò ó. Àmì BBC HD tó wà ní kọ̀rọ̀ ojú àwòrán kò sọ ìkànnì tó ni eré náà. Ó lè jẹ́ ti Two, ó lè jẹ́ ti Three. Kọ ọjọ́ àti wákàtí tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, kí o fi wé Radio Times ọ̀sẹ̀ yẹn, kí o tó kọ orúkọ ìkànnì kankan sábẹ́ àwòrán.

Bàbá_Onídíìṣì
Mo ní méjì nínú gáréèjì. Ọ̀kan ṣì ń tan. Bó o bá ń bọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, mú wáyà HDMI tìrẹ dání.